Kì í ṣe kábíìnì ló ń mu epo píkọ́ọ̀pù yín

Àbúrò mi kan fi fọ́tò ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tó kọjá. Hilux ni, dọ́bù kábíìnì, funfun báláú, tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ tó ń dán. Ó kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé: "Bọ̀dá mi, ẹ bá mi wo ọkọ̀ yìí o. Iṣẹ́ àga àti kánópì tí mo sọ fún yín yẹn ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní dọ́bù máa ń mu epo ju síńgù lọ. Ṣé òótọ́ ni?"

Mo dúpẹ́ pé kò tíì sanwó kó tó béèrè. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹ̀yìn tí ọkọ̀ bá ti dé ilé tán la máa ń wá ìmọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tó wà nígboro sí ìbéèrè yìí, méjì péré ni, kò sì sí èyí tó pé nínú méjèèjì. Àwọn kan á ní, bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀ tó bá tóbi gbọ́dọ̀ mu epo. Àwọn tó ń ta ọkọ̀ á ní irọ́ ni jàre, ẹ́ńjìnì kan náà ló wà nínú ẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu ẹgbẹ́ méjèèjì, àmọ́ wọn ò sọ ibi tí owó ti ń jò gan-an.

Ọ̀rọ̀ owó sì ni. Kí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú tó kéde lọ́jọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, iye tí ìjọba fọwọ́ sí fún lítà epo bẹntiróò kan kò tó ₦200. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ó ti kọjá ₦480 l'Ékòó. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti ń kan ilẹ̀kùn ₦1,000. Ọ̀dọ́ tó fẹ́ fi píkọ́ọ̀pù ṣe iṣẹ́ báyìí, yálà ó fẹ́ kó tòmátì láti Mile 12 ni o, tàbí kó máa gbé àga lọ sí òde àríyá, epo ni yóò sọ bóyá èrè á kù sọ́wọ́ ẹ̀ tàbí kò ní kù. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ ká máa fi àsọdùn dáhùn ìbéèrè ọmọ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Píkọ́ọ̀pù pín sí mẹ́ta. Síńgù kábíìnì ní ilẹ̀kùn méjì, awakọ̀ àti ẹnì kan tàbí méjì ló máa ń gbà. Dọ́bù kábíìnì ní ilẹ̀kùn mẹ́rin àti àga ẹ̀yìn tó péye. Láàrin àwọn méjèèjì ni èyí tí wọ́n ń pè ní extra cab wà, tó ní àyè kékeré lẹ́yìn awakọ̀, tí àgbàlagbà á kàn ká ẹsẹ̀ jọ síbẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nìyí. Ẹ mú Hilux tó jáde lọ́dún 2015 bí àpẹẹrẹ. Gígùn rẹ̀ láti bọ́nńpà iwájú dé ẹ̀yìn jẹ́ nǹkan bíi mítà 5.3, ìbáà jẹ́ síńgù tàbí dọ́bù. Wọn ò fa ọkọ̀ náà gùn kí àga ẹ̀yìn tó lè wọlé. Ibi ẹrù ni wọ́n gé. Ẹ̀yìn síńgù gùn tó mítà 2.3. Ti extra cab jẹ́ nǹkan bíi 1.8. Ti dọ́bù kò ju nǹkan bíi mítà 1.5 lọ. Búrẹ́dì kan náà ni, ibi tí ọ̀bẹ gbà ló yàtọ̀.

Tí gígùn bá dọ́gba, tí iwájú bá dọ́gba, kí ló wá kù tó lè mú kí dọ́bù máa mu epo jù? Ìwúwo ni. Ilẹ̀kùn méjì sí i, gíláàsì, àga, irin òrùlé. Tí ẹ́ńjìnì àti jíà bá jọra, ìyàtọ̀ ìwúwo síńgù àti dọ́bù máa ń wà láàrin nǹkan bíi kílò 100 sí 200. Àwọn iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí lílo epo ọkọ̀ ti ṣírò rẹ̀ pé bí èèyàn bá fi pọ́n-ùn 100, ìyẹn kílò 45, kún ìwúwo ọkọ̀, ibi tí epo lè gbé e dé máa ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ara ọkọ̀ kékeré ló sì ti máa ń hàn jù. Ọkọ̀ tó ti wúwo tẹ́lẹ̀ bíi píkọ́ọ̀pù kì í mọ̀ ọ́n lára tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ gbé e gun orí, ká ní kábíìnì yẹn ń jẹ ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Tí síńgù bá ń lo lítà 12 fún kìlómítà 100, dọ́bù á lo lítà 12 àti ààbọ̀. Ààbọ̀ lítà ni gbogbo ariwo yẹn. Tí lítà bá jẹ́ ₦1,000, ₦500 nìyẹn lórí ìrìnàjò kìlómítà 100. Àwo ìrẹsì kan pẹ̀lú ẹran ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àní nínú ìwé tí àjọ EPA l'Amẹ́ríkà máa ń gbé jáde lórí bí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń lo epo, ẹ́ńjìnì, jíà àti iye táyà tí ẹ́ńjìnì ń yí ni wọ́n sábà máa ń fi pín píkọ́ọ̀pù. Wọn kì í sábà ya síńgù sọ́tọ̀ kúrò lára dọ́bù.

Níbo wá ni ìròyìn pé dọ́bù ń mu epo ti wá? Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Àwọn tó ń sọ ọ́, ojú wọn ló ṣe é, ilé epo ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bí a bá ra dọ́bù, kábíìnì nìkan kọ́ la rà. Síńgù tó ń wọ ìlú wa, ọkọ̀ iṣẹ́ lásán ló sábà máa ń jẹ́: ẹ́ńjìnì 2.7, jíà ọlọ́wọ́, táyà ẹ̀yìn méjì ló ń tì í. Dọ́bù tí ojú wa máa ń wọ̀, V6 4.0 ló pọ̀ nínú ẹ̀, jíà ọ́tò, fọ́ọ̀-wíìlì, táyà ràgàjì. Ẹ wo Toyota Tacoma bíi ti ọdún 2012 tó ń ti Amẹ́ríkà wọlé. Ìdíwọ̀n EPA fún èyí tó ní ẹ́ńjìnì 2.7, jíà ọ́tò, láìsí fọ́ọ̀-wíìlì, jẹ́ nǹkan bíi máìlì 21 lórí gálọ̀ọ̀nù Amẹ́ríkà kan. Ti V6 4.0 ọ́tò tó jẹ́ fọ́ọ̀-wíìlì jẹ́ nǹkan bíi 18. Tí ẹ bá yí i sí tiwa, lítà 11 àti díẹ̀ fún kìlómítà 100 nìyẹn, èkejì á sì lo lítà 13. Ìyàtọ̀ lítà méjì! Ìlọ́po mẹ́rin ohun tí kábíìnì ń jẹ. Ẹ́ńjìnì àti fọ́ọ̀-wíìlì ló jẹ ẹ́ o, kábíìnì la wá ń dá lẹ́bi.

Mi ò tíì dárúkọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ọkọ̀ tó dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ máa ń jó nǹkan bíi lítà kan sí lítà méjì ní wákàtí kan, bí ẹ́ńjìnì bá ṣe tóbi tó àti bóyá AC wà ní títàn. Ẹni tó bá lo wákàtí méjì láti Ọ̀ṣòdì dé Apápá lè ti jó lítà mẹ́rin láìtíì rin ibì kankan tó nítumọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà kan náà sọ pé nígbà tí oòrùn bá mú gan-an, AC lè mú kí ibi tí epo ń gbé ọkọ̀ dé fi ju ìdá mẹ́rẹ̀ẹ̀dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lọ dín kù, pàápàá lórí ìrìn kúkúrú. Mi ò ní kí ẹ pa AC o, ooru Èkó kì í ṣeré. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó bá ń bínú sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn méjì nígbà tí AC àti gó-sìlóò ń jẹ owó ẹ̀, ọ̀tá kọ́ ló ń bá jà.

Ó tún ku àwọn kan tí wọ́n máa ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù sílẹ̀ gbayawu lójú ọ̀nà márosẹ̀, wọ́n ní kí atẹ́gùn lè kọjá kí epo má bàa tètè tán. Ẹ tì í padà. Tó bá wà ní títì, atẹ́gùn á yí po sínú ẹ̀yìn ọkọ̀ bíi tìmùtìmù, èyí tó ń sáré kọjá lókè á sì yọ̀ gba orí rẹ̀ lọ. Ṣíṣí i kì í dín epo kù. Ẹrù ló lè mú yín pàdánù.

Ó dáa. Tí kábíìnì ò bá mu epo tó bẹ́ẹ̀, ṣé kí àbúrò mi wá lọ ra dọ́bù ẹ̀ ni? Rárá o. Iye lítà fún kìlómítà 100 kọ́ ló yẹ kí oníṣẹ́ ẹrù máa kà. Iye lítà lórí ẹrù kan ni. Ẹrù la ń gbé, a ò gbé kìlómítà.

Ẹ bá mi ṣírò iṣẹ́ tirẹ̀. Ká ní àga àti kánópì òde àríyá kan kún ẹ̀yìn síńgù lẹ́ẹ̀mejì. Mítà 2.3 lọ́nà méjì jẹ́ 4.6. Dọ́bù tó ní mítà 1.5 gbọ́dọ̀ lọ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó kó iye yẹn. Ká ní láti ibi tó ń kẹ́rù sí dé òde àríyá jẹ́ kìlómítà 20, àlọ àti àbọ̀ 40. Síńgù á rin kìlómítà 80, á lo lítà 9.6, owó epo ₦9,600. Dọ́bù á rin kìlómítà 120, á lo lítà 15, owó epo ₦15,000. Ìyàtọ̀ ₦5,400. Ẹ má gbàgbé pé lẹ́yìn àríyá, wọ́n á tún lọ kó àga padà. Ó di ₦10,800 lórí òde kan ṣoṣo. Tó bá ṣe òde kan ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ti lé ní ₦43,000 lóṣù, láìtíì ka owó awakọ̀, táyà tó ń jẹ, àti ìyá ọlọ́jọ́ ìbí tó ń pariwo lórí fóònù pé àwọn àlejò ti dé, àga ò tíì pé.

Ẹ tún wo inú ₦5,400 yẹn dáadáa. Nínú ẹ̀, ₦600 péré ló jẹ́ ti ìwúwo kábíìnì. ₦4,800 tó kù, ìrìn kẹta ló jẹ ẹ́. Àyè tí wọ́n gé kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ ló sọ ara rẹ̀ di epo. Ìwé EPA ò lè fi ìyẹn hàn, torí wọn kì í di àga sẹ́yìn ọkọ̀ tí wọ́n bá ń wọn epo.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹrù ló rí báyìí. Tó bá jẹ́ sìmẹ́ǹtì lẹ fẹ́ máa gbé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Àpò kan jẹ́ kílò 50. Ogún àpò ti di tọ́ọ̀nù kan, ibẹ̀ náà sì ni agbára ọ̀pọ̀ àwọn ọkọ̀ yìí ń parí sí, síńgù tàbí dọ́bù. Ogún àpò kì í kún ẹ̀yìn dọ́bù pàápàá. Ìwúwo á ti dé góńgó kí àyè tó tán, nítorí náà gígùn ẹ̀yìn síńgù ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe yín láǹfààní kankan. Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé àwọn awakọ̀ wa ń di ogójì àpò. Mo rí wọn. Mo tún máa ń rí spring wọn lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹrù tó fúyẹ́ ṣùgbọ́n tó gba àyè ni àyè ẹ̀yìn ti ń sọ̀rọ̀: àga, fóòmù, agbọ̀n tòmátì, kéèsì ọtí tó ti ṣófo, búrẹ́dì, adìyẹ.

Iṣẹ́ kan sì wà tí dọ́bù ti ń bá èèyàn fi epo pamọ́. Àwọn ọmọ wa tó ń so sólà mọ́ òrùlé, ẹni mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń jáde lọ, pẹ̀lú àkàbà, wáyà, bátìrì àti pánẹ́ẹ̀lì díẹ̀. Tí wọ́n bá ra síńgù, àwọn méjì á jókòó síwájú, àwọn méjì tó kù á wọ ọkọ̀ mìíràn tẹ̀lé wọn. Ọkọ̀ méjì, epo méjì. Ààbọ̀ lítà tí kábíìnì dọ́bù fi kún un kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn. Fún irú wọn, kí wọ́n ra dọ́bù pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn, kí wọ́n ṣáà wá èyí tó ní ẹ́ńjìnì kékeré.

Ohun tí mi ò ní fara mọ́ láéláé ni ọ̀nà kẹta, èyí tí a ń rí lójoojúmọ́: ká ra síńgù, ká wá kó àwọn òṣìṣẹ́ gun orí ẹrù lẹ́yìn, kí wọ́n di okùn mú. Àjọ FRSC ti pariwo títí lórí kíkó èèyàn pọ̀ mọ́ ẹrù. Búréèkì kan ṣoṣo lójú ọ̀nà márosẹ̀ ti tó. Tí iṣẹ́ yín bá nílò èèyàn mẹ́ta tó ń tẹ̀lé ẹrù, tí ẹ ò sì lówó dọ́bù, ẹ fún wọn lówó bọ́ọ̀sì. Owó bọ́ọ̀sì ò lè wọ́n ju ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ lọ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé dọ́bù ni gbogbo ọjà tòkunbọ̀ kún fún? Torí ohun tí Amẹ́ríkà bá lò kù la ń rà. Nígbà tí Ford gbé F-150 jáde ní àárín àwọn ọdún 1970, tí ẹ bá wọn ibi ìjókòó àti ibi ẹrù pọ̀, ibi ẹrù ló ń kó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Lónìí, ó ti dojú dé: ibi ìjókòó ló ń kó ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ọkọ̀ ẹbí ni píkọ́ọ̀pù ti dà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fi gbé ọmọ lọ sílé ìwé, wọ́n ń fi lọ sọ́jà. Òfin wọn náà ràn án lọ́wọ́. Láti ọdún 2011, àyè tó wà láàrin táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n fi ń pinnu bí ọkọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ ṣọ́ epo lò tó. Bí àyè yẹn bá ṣe fẹ̀ sí i ni òfin ń dẹwọ́ sí i. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ò rí ìdí tí wọ́n fi máa kéré. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ọkọ̀ yẹn á gba Kùtọnu tàbí Tin Can wọlé, a ó sì fẹ́ kó gbé agbọ̀n tòmátì.

Ọ̀rọ̀ tó tún wà nílẹ̀ ni pé ojú ayé wà nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Lórílẹ̀-èdè yìí, Hilux dọ́bù ni ọlọ́pàá fi ń ṣáájú ọ̀gá, òun ló ń tẹ̀lé olóṣèlú lẹ́yìn. Ẹni tó bá wà nínú ẹ̀, àwọn èèyàn máa ń yà fún un lọ́nà. Síńgù? "Ọkọ̀ oníbúlọ́ọ̀kù" ni wọ́n máa pè é. Mi ò bá ọmọdé tó fẹ́ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún òun wí. Àmọ́ tí iléeṣẹ́ ìjọba bá ń fi owó gbogbo wa ra dọ́bù V6 fọ́ọ̀-wíìlì, tí ọ̀gá kan ṣoṣo sì ń jókòó sínú ẹ̀ láàrin ìlú, tí ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣófo láti January dé December, ìyẹn kọjá fàájì. Ìbéèrè méjì ló yẹ kí ìwé tí wọ́n fi ń bèèrè fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ dáhùn: èèyàn mélòó ló ń wọ̀ ọ́ lójúmọ́, kí sì ni yóò máa gbé lẹ́yìn? Mi ò rò pé ọ̀pọ̀ nínú wọn á yege.

Mo pe àbúrò mi lórí fóònù, mo ka ìṣirò yẹn fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ₦43,000 lóṣù ni ẹ sọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún dákẹ́. Ó wá ní, "Ṣé síńgù ni kí n máa wá gbé lọ sílé àwọn ìyàwó báyìí?" Mo ní kó gbé táksí lọ sílé ìyàwó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á lọ wo síńgù 2.7 kan ní Berger lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo ní kó mú téèpù ìwọ̀n dání, kó sì wọn irin kánópì tó gùn jù nílé kó tó jáde.